Màmá Nokhaya Ngcwabe, Ẹni Tí Kò Gbà Kí A Fojú Díwọ̀n Aláìsàn (1956–2023)

Abúlé Mqhokweni, lókè odò Thina, ni a ti bí ìyá wa, Nomvuzo Nokhaya Ngcwabe, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 1956. Ọmọ Gilindoda Mkhwane ni wọ́n, láti ìdílé Bhele, ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń pè wọ́n ní MaBhele. Bàbá wọn ń wa góòlù lábẹ́ ilẹ̀ ní Johannesburg; oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, oṣù kan ni wọ́n fi ń rí ilé. Ìyá wọn, Nowinile, ló ń dá oko àgbàdo ro. Ọmọ márùn-ún ni ìyá náà bí, Màmá sì ni ìkẹta.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fara balẹ̀, nítorí ara àwa gan-an kò balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kọ ìwé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin la sì fà á ya. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a kọ ohun tí gbogbo ayé ń kọ, pé olóògbé bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì fẹ́ràn ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì tí Màmá dé orí ibùsùn àìsàn tó gbẹ̀yìn, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní ohun tí àwọn ṣe sí bàbá ọkọ àwọn ní 1999, kí a kà á sétí gbogbo ilé Ngcwabe kí wọ́n tó bo àwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ilé náà bá sọ pé àwọn kò yẹ ní ibojì ilé ọkọ, kí a gbé àwọn padà sí Mqhokweni, kí a má bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí a fẹ́ kà nìyí.

Ọdún 1963 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní òdìkejì odò. Bí odò bá kún, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń dúpẹ́ pé ìsinmi dé, wọn a ká aṣọ sókè, wọn a sì là á kọjá. Tíṣà Mbangeni kọ ọ́ sínú ìwé èsì wọn pé, “Ọmọ yìí ní làákàyè, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í gbé àga.” Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní 1975, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní 1978, ilé ìwòsàn ìlú wa sì gbà wọ́n sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dún náà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọdún méjìdínlógójì. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka tó rọrùn, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Màmá kọ̀.

Ní ọdún 1981, Ọ̀gbẹ́ni Vuyani Ngcwabe, tíṣà ìṣirò, fi màlúù mẹ́jọ gbé wọn níyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé ọkọ ni àwọn obìnrin ilé fún wọn ní orúkọ tuntun, Nokhaya, ìyá ilé. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ́ wọn ní òfin ọ̀wọ̀: ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, kì í fọwọ́ kan bàbá ọkọ, kì í ṣí orí níwájú bàbá ọkọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa ara bàbá ọkọ. Orúkọ bàbá ọkọ wọn ni Zanemvula, ẹni tó bá òjò dé, nítorí náà Màmá kò pe òjò ní òjò mọ́. “Omi òkè” ni wọ́n ń pè é. Àwa ọmọ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: “Màmá, kí ló ń rọ̀ níta yẹn?” Wọn a ní, “Ẹ lọ ká aṣọ wọlé, ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ pípọ̀, kí n tó fi igi ọbẹ̀ yìí dá yín lóhùn.”

Bàbá Zanemvula ti ṣe ọ̀gá àwọn awakùsà rí. Ènìyàn ńlá ni wọ́n, ní ara àti ní ìwà. Ní ayé tiwọn, bí ọkùnrin bá sanra, a mọ̀ pé ilé rẹ̀ tòrò, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Màmá ló ń se oúnjẹ wọn: àgbàdo gígún pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹran àgùntàn, búrẹ́dì tí a fi ooru omi sè. Ní Kérésìmesì 1998, lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́ irun àgùntàn tán, àwọn ọkùnrin ilé ń ṣàwàdà nínú àká irun, wọ́n ní kí Bàbá gun òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò irun. Bàbá gùn ún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò wọn kígbe iye rẹ̀ síta: “Kílò méjìdínláàádọ́sàn-án. Bàbá, owó ọkọ̀ èèyàn méjì lẹ máa san lọ́la o.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màmá ń gbé ọtí ọkà fún àwọn àlejò lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ iye náà ketekete, wọ́n sì sọ ojú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù keje ọdún 1999, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Bàbá dé ẹ̀ka pàjáwìrì. Ẹsẹ̀ wọn kan ti wú, wọ́n ń mí gúlegúle. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà ilé ìwòsàn kò gbà wọ́n. Ọkùnrin mẹ́jọ yọ ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n fi gbé wọn wọlé. Ilẹ̀kùn náà há sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, àwọn tó jókòó de dókítà sì ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀já tí a fi ń wọn ìfúnpá kò yí apá wọn po. Ibùsùn ń ké lábẹ́ wọn, wọ́n sáré lọ kó bíríkì wá tì í. Òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn parí sí ọgọ́fà kílò. Màmá ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gba ipò wọn. Wọ́n fi aṣọ ìborí wọn sílẹ̀ lórí, wọ́n fi ọwọ́ tí òfin ní kò gbọdọ̀ kan Bàbá gbé àgbọ̀n Bàbá sókè kí atẹ́gùn lè wọlé.

Dókítà Kaggwa, ọmọ Uganda, ló ń tọ́jú wọn. Wọ́n ní, “Sístà, ẹ̀jẹ̀ dídì ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fún wọn, bí ara bá ṣe wúwo tó ni abẹ́rẹ́ náà ṣe máa pọ̀ tó. Kílò mélòó ni wọ́n?”

Màmá sọ ojú sílẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n nílé. Ẹ bá mi fojú díwọ̀n ẹ̀, àsìkò ò sí.”

“Ọgọ́rùn-ún, Dókítà.”

“Ọgọ́rùn-ún péré?”

“Ó lè fi díẹ̀ lé.”

Dókítà kọ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Màmá sọ fún wa pé iye tòótọ́ wà lórí ahọ́n àwọn, ahọ́n ló kọ̀. Pé kí ìyàwó ilé la ẹnu, kí ó pe ìwúwo bàbá ọkọ rẹ̀ sókè níwájú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, lójú tiwọn nígbà náà, ó dà bí ẹni tó bọ́ aṣọ Bàbá sílẹ̀ lójú ọjà. Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni àwọn ń ṣe. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fún Bàbá ní abẹ́rẹ́ tí kò tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bàbá béèrè tíì, wọ́n dìde jókòó kí wọ́n lè mu ún, ẹ̀jẹ̀ dídì mìíràn sì ṣí kúrò ní ẹsẹ̀. Kí ife tíì náà tó tutù, Bàbá ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Màmá jẹ́wọ́ fún Dókítà Kaggwa, wọ́n sì bi dókítà náà bóyá abẹ́rẹ́ tó tó ì bá gba Bàbá là. “Bóyá,” ni Dókítà sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Màmá gbé kiri fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọn kò lè sọ ọ́ nílé. Bàbá wa kú ní 2011 láìgbọ́ ọ. Àbúrò bàbá wa, Àǹtí Nozuko, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Zanemvula bí, kò sì fi ẹnu kan oúnjẹ ilé wa mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Bí wọ́n bá wá kí wa, wọn a gbé fúlásíkì tíì tiwọn dání, wọn a mu ún lójú wa, wọn a sì lọ. Màmá gbà pé Àǹtí mọ̀, àti pé ìdájọ́ àwọn nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni ìyá wa kò ti lè fìdí mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n lọ bẹ àwọn ẹgbẹ́ olùsìn àgùntàn, wọ́n gba òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò irun náà, wọ́n gbé e sí kọ́rídọ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n sì ta aṣọ ìkélé yí i ká. Kò sí nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ fojú díwọ̀n aláìsàn mọ́. Iye tí òṣùwọ̀n bá sọ, nọ́ọ̀sì kan àti aláìsàn náà ni yóò mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ dé kọ́rídọ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kó lọ máa fọ abọ́ ìtọ̀ títí ọjọ́ yóò fi lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó jókòó síbí ni ẹ fọ abọ́ náà.

Ìyá kan wà tí wọ́n ń pè ní MaDuma, tó ń ta aṣọ àlòkù níwájú ibùdókọ̀. Ní 2002, lásìkò tí àrùn éèdì ń gba ẹ̀mí kiri ìlú, ikọ́ fée gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí òṣùwọ̀n, wọ́n dúró sójú kan.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé àgùntàn lẹ fi mí pè ni?”

“Àgùntàn kì í bi mí ní ìbéèrè, ìyá. Ẹ gun ibẹ̀.”

“Tó bá wá wó ńkọ́?”

“Ó ti gbé ohun tó jù yín lọ rí, kò sì sunkún.”

MaDuma rẹ́rìn-ín, wọ́n gùn ún. Lẹ́yìn tí ara tù wọ́n díẹ̀, Màmá bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n gbìyànjú láti dín oúnjẹ kù. Èsì MaDuma kò kúrò létí Màmá títí ayé wọn: “Kí n rù kẹ̀, Sístà? Lásìkò tí à ń sin ọmọ aráyé ní Sátidé Sátidé yìí? Tí mo bá rù báyìí, kí n tó délé wọ́n á ti ní mo ti kó o. Wọ́n á ti máa pín àwọn ọmọ mi láàrin ara wọn. Ẹ jẹ́ n sanra jàre, kí ayé lè jẹ́ n simi.” Ẹsẹ̀ ni Màmá fi rìn délé lọ́jọ́ náà, kìlómítà mẹ́fà, wọ́n kọ̀ láti wọ táksì.

Wọ́n bá Ọ̀gbẹ́ni Sipika tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà sọ̀rọ̀, ó jó irin ibùsùn mẹ́rin tí kì í ké. Lẹ́tà mọ́kànlá ni wọ́n kọ sí ìjọba kí ọ̀já ìfúnpá fífẹ̀ méjì tó dé. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé ẹni tó sanra gan-an kì í rí èémí mí bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, kí a ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìbàdí dé orí, títí etí rẹ̀ yóò fi bá àyà rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ táksì náà bí èèyàn mẹ́jọ ṣe lè fi tapólì gbé ẹni ńlá láìjẹ́ kí apá kan já sílẹ̀. Wọ́n kì í jókòó bí wọ́n bá ń kọ́ni, orí ìdúró ni, wọn a máa lọ, wọn a máa bọ̀.

Ní 2008, Màmá fóònù ilé ìwòsàn ńlá kan ní olú ìlú, wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí ọkùnrin kan tó sanra gan-an tó ṣubú. Ẹni tó gbé fóònù ní, “Ẹ̀rọ wa ò lè gbé irú ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.”

“Kí ni orúkọ ẹ, ọmọ mi?” ni Màmá bi í.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀ ni, kí ìyàwó ẹ̀ lè rí i kà.”

Kò pé ìdajì wákàtí tí wọ́n pè padà pé kí a máa gbé ọkùnrin náà bọ̀, àwọn ti rí ọgbọ́n dá. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn wọn ló yè. Àwọn tí kò yè, Màmá a máa lọ sí ìsìnkú wọn, wọn a dúró lẹ́yìn.

A kò ní parọ́ fún yín, inú máa ń bí wa. Ọjọ́ ìgbéyàwó Nosicelo, ọ̀kan nínú àwa ọmọ, ní 2009, kí wọ́n tó gé àkàrà òyìnbó, wọ́n ti fóònù láti ẹ̀ka pàjáwìrì, Màmá sì ti wọ ọkọ̀. A rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn ju wa lọ. A kò mọ ohun tó ń lé wọn.

Màmá náà sanra nígbà tí ọjọ́ ogbó dé. Ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, wọ́n ń gun òṣùwọ̀n náà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké, wọ́n sì ń pe iye rẹ̀ sókè fúnra wọn. Wọ́n ní, “Ẹ kọ́ etí yín. Nọ́ńbà ni, kì í ṣe èébú.” Wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fún ogójì ọdún, wọn kì í pa ìpàdé Ọjọ́bọ̀ jẹ, bùláòsì pupa ẹgbẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ẹsẹ̀ Bíbélì nípa ìdáríjì, wọn a jáde lọ wo ọmọ tó ń sunkún, yálà ọmọ ń sunkún tàbí kò sunkún. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2016, wọ́n sì ń padà lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2023, òtútù àyà dé sí wọn lójijì. Lindelwa, ìyàwó àkọ́bí wa, ló tẹ̀ lé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè ìwúwo wọn. Irú òfin tó de Màmá ní 1999 náà ló de Lindelwa lórí ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó gbójú sókè, ó ní, “Kílò méjìdínlógóje. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i.” Dókítà sọ fún wa pé oògùn tó tó, tó sì tètè wọlé, ló fún ọkàn wọn tó ti rẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlá. Màmá mọ ohun tí àwọn fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe. Ní ọjọ́ kẹfà wọ́n ní kí a pe Àǹtí Nozuko.

“Ọkọ mi,” ni wọ́n pè wọ́n, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé. “Èmi ni mo pa bàbá yín. Mo mọ iye tí wọ́n wọ̀n, mo sì sọ ọgọ́rùn-ún.”

“Mo mọ̀, Nokhaya.”

“Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ìdí tí ẹ kì í fi í jẹun nílé mi nìyẹn.”

“Rárá o.” Àǹtí Nozuko fi ọwọ́ méjèèjì di irin ibùsùn mú. “Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bàtà Bàbá wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ nígbà tí dókítà bi ọ́, mo gbọ́ nígbà tí o sọ ọgọ́rùn-ún, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ, òfin ló dì ọ́ lẹ́nu. Èmi ọmọ bíbí inú wọn, kí ló dì mí lẹ́nu? Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni ojú wọn ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó jẹ oúnjẹ ẹ?”

Màmá ní, “Ẹ wá jẹ́ kí n dá a gbé.”

“Mo jẹ́ kí o dá a gbé.”

Màmá kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú. A rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí a pe Àǹtí padà, kí a sì ti ilẹ̀kùn. A kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí a wọlé, Màmá ti sùn lọ, Àǹtí Nozuko sì jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ Màmá lé itan. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, Màmá mí èémí ìkẹyìn, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Mziwonke pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Lindelwa, Nosicelo àti Phumlani, ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan tó jẹ́ obìnrin. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́, a kò lè ka iye wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ilé Ngcwabe pàdé lórí ọ̀rọ̀ ibojì. A ti ka ìwé yìí dé ibí yìí fún wọn. Àwọn àgbà ọkùnrin pín sí méjì, ohùn ń ga sókè, àwa ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kò mọ ibi tí a ó gbé ìyá wa lọ. Ìgbà náà ni Àǹtí Nozuko dìde láàrin wọn. Wọ́n ní, “Ẹni méjì ló dákẹ́ lọ́jọ́ tí bàbá mi ń kú lọ. Bí ẹ bá máa lé ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ lé ọmọ onílé.” Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Zanemvula ni a gbẹ́ ibojì náà sí.

MaBhele, ilé ti gbọ́, ilé kò sì lé yín. Ẹ sùn ire. Ẹ má tìtorí wa dìde mọ́.